Kẹ́ẹ̀gì Omi Kan Lórí Ẹrù Ìdána Ẹ̀bùn

Ìyá mi,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú afẹ́fẹ́ òkun. Mo kí yín lórí ìkúnlẹ̀. Mo kí Bàbá Àgbà, mo kí Ẹ̀bùn àbúrò mi tí ó ń relé ọkọ, mo kí gbogbo ará ilé wa ní Abereke. Ìbéèrè kan ni kò jẹ́ kí n sùn: bí mo bá gbẹ̀san lára bàbá ọkọ Ẹ̀bùn, ṣé Ẹ̀bùn fúnra rẹ̀ kọ́ ni yóò jẹ ìyà rẹ̀?

Bàbá Àgbà ní èmi tí mo kàwé ni kí n to ẹrù ìdána Ẹ̀bùn sínú ìwé. Mo to iṣu, obì, orógbó, ataare, oyin àti ọtí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni mo kọ ọ́ pé: ogójì kẹ́ẹ̀gì omi mímu.

Ẹ̀yin mọ ìdí rẹ̀. Ní ẹ̀ẹ̀rùn ọdún tí omi òjò tán nínú àgbá wa, ẹ wa ọkọ̀, ẹ mú mi dání, ó di ọ̀dọ̀ bàbá Tọ́pẹ́, ẹni tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ fi Ẹ̀bùn ṣaya lónìí. Tánkì rẹ̀ kún. Ẹ kúnlẹ̀ sórí pákó èbúté rẹ̀, ẹ tọrọ omi. Ó ní kí ẹ lọ bu òkun mu, ṣebí ó pọ̀ níwájú ilé yín. Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Nígbà tí à ń padà, àwọn kẹ́ẹ̀gì òfìfo ń lu ara wọn nínú ọkọ̀. Láti ọjọ́ náà ẹ ò mẹ́nu kàn án mọ́. Èmi kò gbàgbé.

Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń gé ẹja ni mo wà lókè òkun níhìn-ín. Òtútù máa ń jẹ́ kí ìka mi kú. Ẹja òkun ni, ṣùgbọ́n omi dídùn la fi ń fọ̀ ọ́ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, tí gbogbo rẹ̀ ń ṣàn lọ sínú gọ́tà. Mo máa ń pa ẹ̀rọ omi tí ẹlòmíràn ṣí sílẹ̀. Wọ́n ní ahun ni mí. Kò sí ẹni tí mo lè ṣàlàyé fún.

Nígbà tí mo ka ìwé náà fún Ẹ̀bùn lórí fóònù, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé òun ń relé ọkọ ni àbí òun fẹ́ lọ máa ta piọ́ wọ́tà. Lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ̀ yí padà. Ó ní èmi á jókòó sínú òtútù mi, òun ni yóò máa bu omi nínú tánkì yẹn, lójú bàbá tí a dójú tì. Mo ti ka ìwé púpọ̀ lórí ìdáríjì, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú àwọn tó kọ wọ́n tó kúnlẹ̀ sórí pákó yẹn rí.

Mo ti pa ogójì rẹ́. Kẹ́ẹ̀gì kan péré ló kù. Ṣùgbọ́n bàbá Tọ́pẹ́ fúnra rẹ̀ ni kí ó rù ú láti èbúté wa dé iwájú yín, kí ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ bù ú fún yín lójú gbogbo àna. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Ẹ̀bùn, ó ní ọ̀kan kò burú, pé ọrùn bàbá ọkọ òun ṣì le.

Mi ò dárí jì í, ìyá mi. Bí ó bá na ife sí yín, ẹ má sáré gbà á. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ wà lókè díẹ̀. Kí ẹ wá mu ún díẹ̀díẹ̀ títí ife yóò fi gbẹ.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí omi tán nílé Ẹ̀bùn láéláé. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, àti àwọn tó wà lójú omi. Ilẹ̀ ti mọ́, mo pa iná orí tábìlì.

Èmi ni ọmọ yín,
Ìbídùn