Ta Ló Ń Dá Jannat Lóhùn Láàárọ̀?

Bàbá Jannat,

Ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín wà nínú kúlà. Ẹ má jẹ́ kí Jannat fọwọ́ kan bisikíìtì kó tó jẹun. Ọlọ́kadà tó fẹ́ gbé mi lọ sọ́sibítù ti ń tẹ hóònù níta, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ò ṣeé gbé lọ síbi iṣẹ́.

Láàárọ̀ yìí, ọmọ yín kúnlẹ̀ kí mi. Mi ò gbọ́. Orí fóònù ni mo wà, mò ń bá ọ̀gá wa jiyàn lórí iṣẹ́ alẹ́. Ìgbà tí mo máa gbójú sókè, ó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń fi ohùn ìyá yín dá ara rẹ̀ lóhùn: "Àwẹ̀ró ọmọ mi, ṣé o jíire?" Bí Ìyá ṣe máa ń fà á gẹ́lẹ́ ni, tó fi dórí ikọ́ tí wọ́n máa ń wú tẹ̀ lé e.

Mo sọ fóònù sílẹ̀, mo pè é ní Àwẹ̀ró. Ó ní, "Wọ́n ti dá mi lóhùn, mà." Ó dìde, ó padà lọ sùn.

Àṣé látìgbà tí a ti sin Ìyá sí Agbamu, kò sẹ́ni tó ń ki ọmọ yìí mọ́ nínú ilé wa. Ẹ má wulẹ̀ dá mi lẹ́bi, fóònù tiyín náà kì í kúrò létí. Tó bá jí tó wá kúnlẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè pe oríkì rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó pè é fúnra rẹ̀.

Jàrátù