Àga Tó Ń Tiro ní Àbújá

Òkè-Ọdẹ,
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn ìrun àárọ̀.

Safiyyah ọmọ mi,

Àsàlámù àlékúmù. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ara le, ṣé ọjà ń tà, ṣé àwọn tí ẹ jọ ń gbé kì í yọ ọ́ lẹ́nu? Tiwa ni ká máa dúpẹ́. Ìyá rẹ wà, orúnkún rẹ̀ nìkan ló ń dún tó bá fẹ́ dìde lórí ìrun, ó sì ní kí n má kọ ìyẹn sínú lẹ́tà, mo ti wá kọ ọ́ báyìí, n kò sì lè fa ìwé ya nítorí ọ̀kan ṣoṣo tó kù nìyí. Ọlọ́run tó dá ọ sí títí di òní kò ní í fi ọ́ sílẹ̀ lọ́la. Ọjà rẹ kò ní í kùtà. Ẹni tó bá yà sí ṣọ́ọ̀bù ohun ọ̀ṣọ́ ilé rẹ láti wò lásán kò ní í jáde láìrà. Àmín.

Ọ̀rọ̀ tí o bá mi sọ lórí fóònù lọ́jọ́ Jímọ̀ ni mo fẹ́ dáhùn, mo sì rí i pé kò ṣeé dáhùn lórí fóònù, nítorí bí ọ̀rọ̀ bá ti ń dé ibi tó lágbára ni káàdì ń tán. O ní ẹni tó ra àga ẹ̀yìn ilé wa fẹ́ mẹ́wàá sí i, pé gbogbo wọn gbọ́dọ̀ máa tiro bíi ti àkọ́kọ́. O ní ó tún fẹ́ mọ ohun tó mú kí ẹsẹ̀ kẹrin kúrú, kó lè kọ ìtàn rẹ̀ mọ́ ògiri. O ní o ti fi owó tó san sílẹ̀ gba ṣọ́ọ̀bù fún ọdún tó ń bọ̀, bí àga kò bá sì dé kí oṣù yìí tó parí, wàá dá owó padà, ṣọ́ọ̀bù á sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni oúnjẹ kò ti dùn lẹ́nu mi.

Nígbà tí o wá ṣe Iléyá, tí ò ń kó ẹrù ẹ̀yìn ilé sínú ọkọ̀, mo rò pé ìdọ̀tí lò ń bá wa kó. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ṣàdúrà fún ọ, mo sọ fún ìyá rẹ pé ọmọ tó kàwé tó tún ń tún ẹ̀yìn ilé ṣe kò wọ́pọ̀ mọ́. A ò mọ̀ pé o fẹ́ lọ tà á ni. Safiyyah, ọjọ́ tí mo gba fíríìdọ̀mù ní Àjàṣẹ́-Ìpo, ọ̀gá mi mú mi lọ́wọ́, ó ní iṣẹ́ tí kò bá dára kò gbọdọ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà káfíńtà. Mo sì pa á mọ́. Gbogbo ohun tó dára tí mo ṣe láyé mi wà nílé onílé, láti ibí dé Òró-Àgọ́. Èyí tó bàjẹ́ nìkan ni mò ń kó sẹ́yìn ilé kí adìyẹ máa rí ibi yé sí. Ibẹ̀ gan-an lo ti lọ ra ọjà.

Fáìsàlì, tíṣà tó ń gbé yàrá iwájú nílé wa, fi ṣọ́ọ̀bù rẹ hàn mí lórí fóònù rẹ̀, àti yàrá tí ò ń sùn lẹ́yìn rẹ̀. Mo wò ó títí. Wọn ò tíì rẹ́ ògiri ibẹ̀, búlọ́ọ̀kù wà níta gbangba. Gílóòbù ń rọ̀ láti òkè láìsí sílìǹ. Àkàbà àwọn tó kọ́lé ṣì dúró ti ògiri, o wá ń sá aṣọ sórí rẹ̀. Pákó tí wọ́n fi ń kó ẹrù nínú ọkọ̀ lo tẹ́ ibùsùn lé. Mo pe Àbúdùlàhí bíríkìlà kó wá bá mi wò ó. Ó mi orí, ó ní irú onílé báyìí ló pọ̀ nílùú ńlá, wọ́n á ti gba owó ilé kí ilé tó parí. Ó ní òun yóò wá bá ọ rẹ́ ògiri náà lọ́fẹ̀ẹ́, kí o ṣáà máa bọ́ òun, kí o sì wá ibi tí òun máa sùn tí kì í ṣe orí pákó. Ó ti fọ irinṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, o ò gbọdọ̀ dójú tì í.

Àwo tánganran mẹ́fà tí ìyá rẹ gbé wọ ilé ọkọ, tí o gbà lọ́wọ́ rẹ̀ pé o fẹ́ lò, a rí i pé o ti so gbogbo rẹ̀ mọ́ ògiri. Ìyá rẹ bi mí bóyá oúnjẹ ti wọ́n tó bẹ́ẹ̀ ní Àbújá tí ẹ fi gbé àwo kọ́. Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Kò fọkàn balẹ̀. Òun ló di gàrí tó wà nínú àpò tí wọ́n gbé wá pẹ̀lú lẹ́tà yìí.

Lẹ́yìn náà ni mo rí àga mi. O gbé e síwájú gbogbo ọjà, o gbé òdòdó lé e, o sì kọ orúkọ mi sábẹ́ rẹ̀, Ràímì, káfíńtà, Òkè-Ọdẹ, kí ó má baà sí ẹni tí yóò ṣì mí mú. Fáìsàlì tẹ ibì kan, ó ní ẹni irínwó ó lé méjìlá ló ti fi àmì pupa sí i. Ara mi tutù. Nígbà tiwa nílé-ìwé, ibi tí ọmọ bá ti ṣàṣìṣe ni tíṣà ń fi yíǹkì pupa sàmì sí. Fáìsàlì ní rárá, wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ ni. Ọmọ dáadáa ni Fáìsàlì, kì í fẹ́ kí inú àgbàlagbà bàjẹ́. Mo ní kó bá mi kọ orúkọ wọn sílẹ̀ kí n lè tọrọ gáfárà lọ́wọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kọ mẹ́tàdínlógún, ó ní iná fóònù ti tán.

Fọ́ọ̀mù nípa àga náà tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù Fáìsàlì, ó dà á kọ sínú ìwé, mo sì ti dáhùn gbogbo rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ní kí n sọ ohun tó gbé iṣẹ́ náà sí mi lọ́kàn, mo kọ Hẹdimásítà Timothy, tó ní kí n ṣe é. Ibi tí wọ́n ti béèrè ọgbọ́n tí mo dá sí i, mo kọ ayùn. Ibi tí wọ́n ti ní ṣé ó ṣì wà ní ipò tó dára, mo kọ pé kò wà níbẹ̀ rí. Wọ́n ní kí n fi fọ́tò ara mi kún un, kí n má rẹ́rìn-ín. Pẹ̀lú irú àga yẹn, ta ni yóò rẹ́rìn-ín?

Má sì rò pé n kò gbìyànjú. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, mo mú pákó àpá kan, mo ní nítorí ọmọ mi, n óò ṣe àga tó ń tiro. Mo gé ẹsẹ̀ mẹ́ta dọ́gba, mo gé ìkẹrin kúrú. Mo gbé e kalẹ̀, ó tiro dáadáa. Mo lọ mu omi. Nígbà tí mo padà dé, n kò mọ ìgbà tí mo mú ayùn tí mo gé mẹ́ta yòókù kí wọ́n bá ìkẹrin mu. Mo tún gé ọ̀kan kúrú, ọwọ́ mi tún tún un ṣe. Nígbà tó fi di ìrun Àsárì, àga ti di àpótí, ìyá rẹ sì ti gbé e lọ sídìí ààrò. Ó ní ó jókòó dáadáa.

Mo wá ronú ọ̀nà mìíràn. Mẹ́fà ni mo ṣe àwọn àga yẹn, ọdún méjìlélọ́gbọ̀n rèé, Hẹdimásítà Timothy ló bẹ̀ mí níṣẹ́. Márùn-ún dára, mo kó wọn fún un. Ìkẹfà ni èyí tí o gbé lọ. Mo ní tí mo bá lè rí márùn-ún náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹni Àbújá yẹn kó wọn, kó sì dá èyí tó ń tiro padà, kó lè mọ̀ pé Ràímì mọṣẹ́. Mo bá lọ. Hẹdimásítà ti darúgbó, ó wà nínú àga aláwọ kan tó jìn débi pé ìyàwó rẹ̀ ló fà á jáde kó tó lè bọ̀ mí lọ́wọ́. Ó ní nígbà tí àwọn ọmọ òun ra èyí, wọ́n kó ti tẹ́lẹ̀ síta. Òjò pa méjì. Mẹ́ta yòókù, wọ́n fi dáná níbi ìnáwó òkú ìyá rẹ̀. Ó ní igi náà jó dáadáa, kò rú èéfín rárá. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń yìn mí.

Ó dùn mí, Safiyyah. Mo jókòó sórí òkúta lẹ́bàá ọ̀nà nígbà tí mò ń bọ̀. Àwọn tí mo fi gbogbo ara ṣe ti di eérú, èyí tí mo fi sílẹ̀ fún adìyẹ ló gbé òdòdó lérí ní Àbújá. Mo ti fẹ́ bínú sí ọ láti ìgbà tí mo gbọ́ pé o tà á. Àmọ́ níbẹ̀ ni mo ti rí i pé nígbà tí àwọn èèyàn ń kó iṣẹ́ mi síta, ìwọ nìkan lo gbé e wọlé.

Nítorí náà, mo ní láti sọ òótọ́ fún ọ. Nígbà tí o bi mí pé kí ló ṣe ẹsẹ̀ yẹn, mo ní igi tútù ni, pé ó sún kì. Bẹ́ẹ̀ ni mo sọ fún Hẹdimásítà, bẹ́ẹ̀ ni mo sọ fún ìyá rẹ. Irọ́ ni. Igi náà gbẹ, mo sì ti ń parọ́ mọ́ ọn láti ọdún méjìlélọ́gbọ̀n. Mo ti kan àga pọ̀ lọ́jọ́ náà, ó ku kí n gé ìdí ẹsẹ̀ kó dọ́gba. Mo ti gé mẹ́ta. Ìyá rẹ ti lọ bá àwọn òbí rẹ̀ ní Òró-Àgọ́ láti bímọ. Ọlọ́kadà kan dé lọ́sàn-án, ó ní kí n máa bọ̀, ó ti ń rọbí láti àná, kò sì rọrùn. Ayùn ti wà lórí igi. N kò wọn nǹkan kan. Mo gé e, mo sáré. Òjò ti ba ọ̀nà jẹ́, ọ̀kadà rì, mo fẹsẹ̀ rin ìyókù, mò ń bẹ Ọlọ́run pé kó fi ẹni méjì sílẹ̀ fún mi. Nígbà tí mo dé, ò ń ké, ìyá rẹ ń sọ pé kí wọ́n fún òun lẹ́kọ.

Lẹ́yìn ìsọmọlórúkọ ni mo tó padà sí ṣọ́ọ̀bù tí mo rí i pé ẹsẹ̀ náà fi ìwọ̀n àtàǹpàkò kúrú. Hẹdimásítà ti bínú pé mo pẹ́, ó gbé iṣẹ́ bẹ́ǹṣì gbogbo ilé-ìwé fún ẹlòmíràn. Ojú tì mí láti sọ pé káfíńtà tó gba fíríìdọ̀mù gé igi láìwọ̀n, ni mo ṣe di ẹ̀bi ru igi. Mo lè gé mẹ́ta yòókù kí wọ́n bá a dọ́gba, iṣẹ́ kékeré ni. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbé ayùn lé e. Ọwọ́ mi kò gbà.

Torí náà, n kò lè ṣe mẹ́wàá irú rẹ̀. N óò ṣe mẹ́wàá tó dúró gírígírí, kí oṣù tó parí. Bí ọkùnrin náà bá ní àfi kó tiro, kó gé e fúnra rẹ̀ nílé rẹ̀, kó má jẹ́ ọwọ́ mi. Bí kò bá gbà, dá owó rẹ̀ padà fún un, èmi yóò ta iṣu tó wà lóko, a ó jọ san owó ṣọ́ọ̀bù. Kò ní í bọ́ lọ́wọ́ rẹ lójú mi.

Fi owó pákó àpá ránṣẹ́, àti ti gọ́ọ̀mù àti fáníìṣì, àti ti ọkọ̀ Àbúdùlàhí. Ìyá rẹ náà fẹ́ owó àwo, nítorí tirẹ̀ wà lára ògiri. Fáìsàlì ni kí o fi owó náà ránṣẹ́ sí o. Ẹ̀rọ owó tí mo lọ lò ní Òmù-Àrán kọ ọ́ síwájú mi bóyá mo tún fẹ́ nǹkan mìíràn, mo ní rárá, mo dúpẹ́ gan-an ni, ó bá gbé káàdì mì.

Ọlọ́run á bù sí i fún ọ. Ilé tí ò ń tún ṣe fún àwọn ẹlòmíràn, tìrẹ náà á dára, wọn á rẹ́ ògiri rẹ̀. Ìwọ náà á gbọ́ igbe ọmọ tìrẹ, àlàáfíà ni wàá sì fi gbọ́ ọ. Bí ẹni tó ra àga náà bá tún bi ọ́ pé kí ló ṣe ẹsẹ̀ kẹrin, má sọ pé igi tútù ni mọ́. Sọ fún un pé ìwọ ni.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ràímì Káfíńtà.