Nusrat Fọṣọ Níwájú Fóònù

Qaanitah ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ àtàwọn ọmọ. Ọlọ́run tó pa ilẹ̀kùn mọ́ wa ní gbogbo àsìkò kòrónà yìí kò ní ṣí i fún àrùn. Ara wa le ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Nígbà tí kò sẹ́ni tó ń jáde, ewúrẹ́ àwọn aládùúgbò wa ń sùn láàárín títì Ìdúmọ̀tà, kò sẹ́ni tó lé wọn.

Nígbà tí o sọ pé ilé lo ti ń ṣiṣẹ́, pé o kàn ń jókòó síwájú fóònù láti aago mẹ́jọ, owó oṣù rẹ sì ń wọlé pérépéré, inú mi dùn. Mo lọ bá Nusrat alágbàfọ̀ rẹ ní yàrá ẹ̀yìn tó ń gbé nínú agboolé wa, torí kò lè sọdá wá bá ọ ní Lẹ́kí látìgbà tí wọ́n ti kéde kónílé-ó-gbélé. Mo ní ọ̀nà ti là, kí òun náà máa ṣiṣẹ́ níwájú fóònù bíi tìrẹ. Láràárọ̀ ló ń wé gèlè mímọ́, mo ń gbé fóònù mi ti bọ́kẹ́ẹ̀tì kó kọjú sí i, ó sì ń fọ gbogbo aṣọ agboolé, títí kan kọ́tìnì mọ́ṣáláṣí, kí ọ́fíìsì lè rí i pé kò jókòó lásán. Fóònù ti já sómi lẹ́ẹ̀kan.

Owó kò wọlé. Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń mu gààrí lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́, mo ṣì ń sọ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Ìgbà náà ló nu ọwọ́ rẹ̀, ó ní, “Bàbá, ta ló ń wò mí gan-an?”

Ó wá ṣàlàyé pé o ti sọ fún òun pé ọjọ́ tí òun bá wá nìkan lo máa sanwó rẹ̀. Mo mọ ibi tí o ti gbọ́ ọ. Ẹnu mi ni. Nígbà tí o wà ní kékeré, mo máa ń sọ ọ́ fún Àṣàbí tó ń bá wa gbálẹ̀, àní nígbà tí ibà dá a dùbúlẹ̀. Bí ibà bá sì dá èmi dùbúlẹ̀, ìjọba ń san owó oṣù mi. N kò fi méjèèjì wéra rí. Mo jẹ̀bi rẹ̀, mo sì tún fi kọ́ ọ.

Wọ́n ti ní a lè jáde báyìí. Nusrat fúnra rẹ̀ ló mú lẹ́tà yìí wá, ó rò pé ìkíni lásán ni. Jọ̀ọ́, san owó rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí o sì fi owó oògùn tí o máa ń fi ránṣẹ́ sí mi, ti oṣù yìí, kún un, oògùn ṣì wà nílẹ̀. Jẹ́ kó jókòó, kó mu omi, kí o tó dárúkọ aṣọ.

Kí owó rẹ máa wọlé lọ́jọ́ tí o bá jí ṣiṣẹ́, àti lọ́jọ́ tí o kò bá lè dìde. Àmín.

Bàbá rẹ,
Jíbrílù