Aago Onípákó Tó Lé Mi Kúrò ní Yàrá

                                        Ojúlé Kẹrin,
                                        Òpópónà Ẹ̀yìn Ilé-Ìwé.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹta.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n, ọmọ ìyá mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Orúnkún tó ń dùn ọ́ ńkọ́, ṣé ó ti jẹ́ kí o sinmi? Ní tiwa, ara le, eruku pákó nìkan ló fẹ́ pa wá.

O mọ̀ pé láti ìgbà tí ọkọ mi ti fẹ̀yìn tì, kò níṣẹ́ méjì ju kó máa ṣọ́ mi lọ. Ó wá lọ ra ẹ̀rọ agbẹ́gi kan tí kọ̀ǹpútà ń darí, ó ní aago onípákó lòun fẹ́ ṣe. Aago, nínú ilé tí aago mẹ́ta ti wà lára ògiri! Yàrá ìránṣọ mi ló gbé e sí. Ó ní ọjọ́ díẹ̀ ni. Ọjọ́ díẹ̀ di oṣù, mo wá di ẹni tó ń ránṣọ lọ́dẹ̀dẹ̀. Ẹ̀rọ náà á máa ké bí ewúrẹ́ tí òjò ká mọ́ ìso. Ìyàwó tuntun kan wá gba aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀, ó gbọ̀n ọ́n, eruku pákó bò wá látòkèdélẹ̀. Ojú tì mí!

Kẹ̀kẹ́ eléyín tó ń yí ọwọ́ aago, èyí tó bá gbẹ́ lónìí, eyín rẹ̀ á kán lọ́la. Ó lè ní pákó ni kò dáa, ó lè ní iná mànàmáná ni. Òun alára kò jẹ̀bi rí.

Nígbà tó sú mi, mo fẹjọ́ rẹ̀ sun ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Màmá Oníbúrẹ́dì, ẹnì kan ṣoṣo tí ọkọ mi ń bẹ̀rù láyé. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀ ní Sátidé: bí aago bá ṣiṣẹ́, kí n fara dà á, bí kò bá ṣiṣẹ́, ẹ̀rọ á jáde lójú àwọn.

Sátidé pé, Màmá dé. Aago bẹ̀rẹ̀ sí í lọ lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀yìn ló ń lọ! Ọkọ mi ti fi kẹ̀kẹ́ eléyín kan kún un torí ẹwà, ìyẹn ló sì yí gbogbo rẹ̀ padà. Ọwọ́ aago kúrò ní aago mẹ́rin, ó forí lé mẹ́ta. Ọkọ mi ní bẹ́ẹ̀ gan-an lòun ṣe fẹ́ ẹ. Inú mi dùn débi pé mo ti ń ro ibi tí tábìlì mi máa wà.

Àfi bí Màmá ṣe pàtẹ́wọ́! Wọ́n ní, “Háà! Aago tó ń dá àgbà padà sí ọ̀dọ́! Ó ṣiṣẹ́ o, àbúrò mi. Ṣe ńlá fún mi, kí o ṣe fún gbogbo ọ̀rẹ́ mi.”

Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú ló fi ata sẹ́nu yìí. Láàárọ̀ òní, mo bá ọkọ mi lọ́dẹ̀dẹ̀, ó ń fi téèpù ìránṣọ mi wọn ibi tí mo máa ń jókòó sí. Ó ti ra ẹ̀rọ kejì.

Bá mi kí ọkọ rẹ àtàwọn ọmọ dáadáa. Kí o sì jọ̀ọ́ bá mi gbá yàrá ẹ̀yìn yín, èmi àti ẹ̀rọ ìránṣọ mi ń bọ̀.

                                        Èmi ni tìrẹ tí kò ní yàrá,
                                        Ẹ̀gbọ́n rẹ, Aránṣọ.