Káàdì Méje Láti Kraków

Gorlice,
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kẹsàn-án.

Jagoda, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí àwọn ọmọ. Ṣé òtútù Ireland kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ yín lẹ́nu? Ara Màmá le, orúnkún wọn nìkan ló ń dùn wọ́n. Ara tèmi náà yá, àmọ́ ọkàn mi kò balẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ lẹ́tà dípò kí n pè ọ́. Bí mo bá gbọ́ ohùn rẹ, mi ò ní lè sọ ohun tí mo fẹ́ sọ.

O mọ̀ pé mo mú Màmá lọ sí Kraków fún ọjọ́ mẹ́rin nínú oṣù tó kọjá, nítorí wọ́n pé ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rin. Ohun tí o kò mọ̀ ni pé láti ìgbà tí yìnyín ṣì wà nílẹ̀ ni mo ti ń múra ìrìn àjò yẹn. Èmi ni mo wá yàrá tí kò ní àtẹ̀gùn púpọ̀. Èmi ni mo gbé àga kékeré kọ́ èjìká kiri ìlú kí wọ́n lè máa rí ibi sinmi. Mo fẹ́ kí ó jẹ́ èmi àti Màmá nìkan, lẹ́ẹ̀kan péré láyé mi.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwọ náà bá wa lọ, lẹ́nu Màmá. A dé gbàgede ọjà ńlá, kàkàkí dún lókè ilé ìṣọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì gé lójijì bó ṣe máa ń gé, ní ìrántí afunkàkàkí tí ọfà ọ̀tá bà lọ́rùn láyé àtijọ́. Màmá ní, "Ibi tó ti ń gé yẹn ni Jagoda ti máa ń sunkún nígbà tó wà ní kékeré." Èmi náà máa ń sunkún níbẹ̀, kò sẹ́ni tó rántí. A ra búrẹ́dì olóruka, wọ́n ní èyí tó ní hóró dúdú lára lo fẹ́ràn. Nígbà tí a dé ibojì àwọn ọba lórí òkè Wawel, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn wọn, èyí tí mo ti kà sílẹ̀ fún oṣù méjì nítorí Màmá. Wọ́n gbọ́ ọ dé ìdajì, wọ́n wá bi mí pé aago mélòó ló lù ní Ireland.

Mò ń jowú, Jagoda. Mo ti pé ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta, ojú sì ń tì mí láti kọ ọ́, àmọ́ owú ni. Ìwọ tó ń wá lẹ́ẹ̀kan lọ́dún pẹ̀lú ṣokoléètì lọmọ. Èmi tí mò ń fi òróró pa orúnkún wọn lójoojúmọ́, ojú wọn ti mọ́ mi bí ìgbà tí wọ́n ń wo ògiri ilé.

Ọ̀ràn wá kan káàdì. O mọ Màmá, wọn kì í lọ ibì kan láìfi káàdì alàwòrán ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí. Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n ra méje, wọ́n jókòó sí ilé tíì kan, wọ́n ní kí n lọ rìn kiri díẹ̀, àwọn ò fẹ́ ayọjúwòwé. Nígbà tí mo padà, wọ́n ti fi rọ́bà di gbogbo rẹ̀ pọ̀. Tìrẹ ló wà lókè, wọ́n kọ ọ́ kún títí dé etí. Wọ́n fi orúkọ ìkẹ́ mi pè mí: "Halinka, bá mi jù wọ́n sínú àpótí lẹ́tà. Má gbàgbé o, wọ́n ṣe pàtàkì." Mo dé ìdí àpótí pupa náà, mo dúró, mo wo orúkọ rẹ. Mo wá ti káàdì méjèèje bọ inú báàgì mi. Mo padà, mo ní mo ti fi wọ́n ránṣẹ́.

Èmi ni, àbúrò mi, kì í ṣe ilé ìfìwéránṣẹ́. Lọ́jọ́ Ìsinmi tí o pè, tí o ní o kò rí káàdì Màmá lọ́tẹ̀ yìí, tí ohùn rẹ sì lọ sílẹ̀, inú mi dùn. Mo tọrọ àforíjì fún ìyẹn ju fún káàdì fúnra rẹ̀ lọ.

Láti ìgbà tí a ti dé, tí ọkùnrin tó ń pín lẹ́tà bá ti ń bọ̀, Màmá á ti wà lẹ́nu géètì, pẹ̀lú orúnkún yẹn. Mo rò pé èsì rẹ ni wọ́n ń retí, ìyẹn tún bí mi nínú. Wọ́n á wọlé, wọ́n á ní, "Halinka, ṣé ó dá ẹ lójú pé o fi wọ́n ránṣẹ́?" Màá ní ó dá mi lójú.

Lánàá, mo kó káàdì náà jáde kí n lè fi wọ́n dáná. Rọ́bà já, wọ́n fọ́n ká sílẹ̀. Orúkọ mi ló wà lára èyí tó ti wà nísàlẹ̀ pátápátá tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú àdírẹ́sì ilé wa níbí. O rántí pé Bàbá náà máa ń fi ọ̀kan ránṣẹ́ sílé tiwa, kí a lè rí nǹkan gbà tí a bá dé. Ohun tí Màmá kọ nìyí:

"Halinka mi, o rò pé mi ò rí i bó o ṣe ń fajú ro. Jagoda ni mò ń dárúkọ nítorí pé kò sí níbí. Kí ni màá máa pè ẹ́ fún, nígbà tí ọwọ́ ẹ wà lọ́wọ́ mi? Láti ìgbà tí bàbá yín ti lọ, mi ò gbádùn ara mi tó báyìí rí. Ẹnu mi ò lè sọ ọ́, ni mo fi ní kí n kọ ọ́."

Káàdì tèmi ni wọ́n ń dúró dè lẹ́nu géètì láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin.

Mo jókòó sílẹ̀ nílé ìdáná, mo sunkún bí ọmọdé. Mi ò ní ìgboyà láti jẹ́wọ́ fún Màmá. Láàárọ̀ yìí mo fi márùn-ún tó kù ránṣẹ́, pẹ̀lú tèmi. Tìrẹ wà nínú lẹ́tà yìí. Mi ò kà á, àmọ́ díẹ̀ ló kù kí n kà á.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí àárín wa dàrú. Kí ó ṣọ́ ọ àti ilé rẹ, kí ó sì jẹ́ kí Màmá rí àwa méjèèjì nídìí tábìlì kan nígbà Kérésì. Tí o bá ń bọ̀, má ra ṣokoléètì. Wá bá mi fi òróró pa orúnkún.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó jẹ̀bi,
Halina.

Àfikún: Ọjọ́ mẹ́ta ti kọjá, mi ò tíì lẹ lẹ́tà yìí pa, káàdì mi sì ti dé. Màmá fúnra wọn ló gbà á lẹ́nu géètì. Wọ́n wo òǹtẹ̀ ara sitáǹpù rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Òǹtẹ̀ Gorlice níbí ni, kì í ṣe ti Kraków. Wọ́n wo ojú mi. Wọ́n na káàdì náà sí mi, wọ́n ní, "Ó mà rìn jìnnà kó tó dé o," wọ́n sì wọlé lọ gbé omi tíì kaná fún àwa méjèèjì.