Onígun Mẹ́ta Tó Dorí Kodò

Ọjọ́ Ajé, 4 oṣù kẹta
Ọkùnrin yìí ń rí mi lára. Àkọ́sórí — olórí àwa olùkọ́ ìṣirò, èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ yẹn, kò mọ̀ — tún já wọ kíláàsì mi. Ó ní kí àwọn ọmọ ka ẹ̀rí láìwòwé, pé tí ẹ̀gbẹ́ méjì onígun mẹ́ta bá dọ́gba, igun méjì ìdí rẹ̀ náà dọ́gba. Wọ́n kà á bí ayékòótọ́. Kò bi wọ́n ní "kí ló dé?" lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ń mirí, inú ẹ̀ ń dùn. Ṣíọ̀!

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5
Mo ya onígun mẹ́ta kan náà, mo dorí ẹ̀ kodò. Mo ní kí wọ́n fi ìdí ẹ̀ hàn mí. Gbogbo wọn nàka sí ṣóńṣó ìsàlẹ̀ — ṣebí ohun tó wà nísàlẹ̀ ni ìdí! Ìdí tí wọ́n fi ń jókòó nìkan ni wọ́n mọ̀. Àfi ọmọbìnrin tí mo ń pè ní Kí-ló-dé. Ẹ̀gbẹ́ òkè ló fọwọ́ sí: èyí tí kò bá méjì yòókù dọ́gba. Mo ní kí ni ìdí abájọ? Ó ní tí èèyàn bá forí dúró, ṣé orí ẹ̀ ló wá di ìdí ni? Mo rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú mi.

Ọjọ́bọ̀, 7
Ìdánwò lórí ẹ̀rí yẹn. Kí-ló-dé ya tiẹ̀ lódìkejì, ó fi lẹ́tà tó wù ú sí àwọn igun ẹ̀, ó fi ẹnu ara ẹ̀ ṣàlàyé. Ó gún régé. Àkọ́sórí fún un ní òdo.

Ọjọ́ Ẹtì, 8
Mo bá Àkọ́sórí ní ọ́fíìsì, ó ń fi bírò ro etí. Mo ní ibo lọmọ ti ṣì í? Ó ní kò ṣì í, àmọ́ kì í ṣe bí òun ṣe kọ ọ́ sójú pátákó nìyẹn. Ẹ gbọ́ o! Ó ní àtúnṣe ìdánwò di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Tó bá tún fìdí rẹmi, kó kúrò ní kíláàsì sáyẹ́ǹsì. Ìyá ọmọ náà, télọ̀, ti ń dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà: "Àǹtí, ẹ gbà mí. Dókítà ló fẹ́ ṣe."

Ọjọ́ Ajé, 11
Mo ń kọ́ Kí-ló-dé lẹ́yìn ilé-ìwé. Lẹ́tà Àkọ́sórí, ìlà Àkọ́sórí. Tó bá ti ní "Kí ló dé, mà?" — màá ní gbé e mì.

Ọjọ́rú, 13
Gbé e mì. Gbé e mì.

Ọjọ́ Ẹtì, 15
Ó gba gbogbo máàkì. Àkọ́sórí bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní mo ti wá di olùkọ́ gidi. Mo lọ fọ ọwọ́ náà, mo tún un fọ.

Nígbà tí ilé-ìwé dá páro, mo pe ọmọ náà sídìí pátákó. Mo ya onígun mẹ́ta tó dorí kodò. Mo ní, ọmọ mi, ìdí ẹ̀ dà?

Ó wo pátákó, ó wò mí lójú. Ó ní, "Mà, èwo lẹ fẹ́ kí n sọ?"

Mo nu pátákó. Ara mi ń rí mi lára.