Oògùn Tó Ń Hó Láìsí Iná

Ìgèdè-Èkìtì, 1978

Fọlọ́runṣọ́, àbúrò mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó àti àwọn ọmọ ní Kàdúná. Ìjì ṣí páànù ilé ìdáná wa, ṣùgbọ́n a ti tún un kàn.

O mọ̀ pé àtọ̀gbẹ ń ṣe ọkọ mi. Nọ́ọ̀sì kan ní Adó fún wa ní oògùn oníhóró tí a fi ń yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò. A ó kán ìtọ̀ àti omi sínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́, a ó ju hóró kan sí i. Àbúrò mi, láìsí iná, ó hó! Bó bá dúró ní búlúù, kò sí ṣúgà níbẹ̀. Bó bá pọ́n, ṣúgà ti pọ̀ jù. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ọkọ mi rí i tó ń hó, ó ṣe àmì àgbélébùú.

Lọ́jọ́ kan, mo fi ṣeré, mo kán ìtọ̀ tèmi sínú ìgò, mo ju hóró sí i. Ó pọ́n ju tirẹ̀ lọ. Ọkọ mi ní, "Ìbídùn, omi tí o ń mu ní àmutúnmu yìí ńkọ́?" Ní Adó, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, òótọ́ ni. Mo ti ń lo oògùn, ara sì ti ń mókun.

Ìyá wa ni mo rántí. Bó ṣe mu omi àmù títí ó fi kú, a ní ayé ló ṣe é. Hóró kékeré yìí ì bá ti sọ òótọ́ fún wa! Nọ́ọ̀sì ní àrùn yìí lè tinú ẹbí wá.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí n gbọ́ aburú rẹ. Ọmú kan náà la mu. Jọ̀wọ́, lọ jẹ́ kí wọ́n yẹ ìtọ̀ tìrẹ náà wò.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Ìbídùn